Ìka Méjì Lórí Èjìká

"Ta ló fi fọ́tò yìí ránṣẹ́ sí yín?"

Ìbéèrè tí Ọ̀gá Kedere máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà nìyẹn, nígbà mìíràn kí wọ́n tó kí ara wọn tán. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ na fóònù sí i pé kó bá yín sọ fọ́tò kékeré tó ti rí bàìbàì di ńlá tó mọ́ gaara. Kò ní wo fọ́tò náà. Ojú yín ló máa wò.

"Àbúrò mi ni."

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín?"

"Ó ní inú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì wọn lòun ti rí i."

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ọ̀gá, ṣé fọ́tò ni mo gbé wá ni àbí ẹjọ́?"

Ẹjọ́ ni o! Èmi tí mò ń kọ èyí, fúnra mi ni mo kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa fọ́tò, orí fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ni mo sì ti kọ́ ọ. Ọjọ́ tí bàbá yìí ṣàlàyé ìdí tó fi ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀ fún mi, ariwo ni mo pa. Ó ní kí n wo ẹní tí wọ́n fi koríko aláwọ̀ oríṣiríṣi hun. Bí fọ́tò ṣe rí nínú fóònù nìyẹn: koríko kan, àwọ̀ kan. Bí koríko bá pọ̀, ojú ènìyàn á hàn débi pé ẹ óò rí irun imú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, fóònù á yọ koríko díẹ̀ kúrò kí ẹrù lè fúyẹ́. Ẹni tó gbà á náà á fi ránṣẹ́, wọ́n á tún yọ díẹ̀. Kó tó dé ọwọ́ ẹnì keje, ẹní ti di ihò, a sì ń pe ihò náà ní ojú bàbá wa.

"Ẹ̀rọ ìgbàlódé lè dí ihò yẹn," ni mo wí, torí mo ti rí i lórí ìtàkùn ayélujára, ó sì jọ mí lójú.

"Á dí i. Kí ló fẹ́ fi dí i? Ó mọ bàbá ẹ ni? Bó bá rí ihò níbi tó yẹ kí eyín wà, eyín ẹlòmíràn ló máa kì bọ̀ ọ́. Wá a kó o tó ṣe é."

Òfin rẹ̀ nìyẹn. Wá a kó o tó ṣe é. Bí omi bá dàrú nísàlẹ̀, òkè odò ni kí o gbà lọ. Ó ti fi odindi ọjọ́ kan pe ènìyàn márùn-ún nítorí fọ́tò tí kò tó èékánná, tí olùkọ́ kan mú wá. Ẹnì karùn-ún jẹ́ awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní òun ló ya fọ́tò náà, fóònù àtijọ́ tó fi yà á sì wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, kò kàn gba iná mọ́ ni. Ọ̀gá Kedere lọ síbẹ̀ pẹ̀lú wáyà mẹ́rin. Nígbà tí fóònù náà jí, tí wọ́n ṣí fọ́tò yẹn, ènìyàn lè ka bọ́tìnnì ẹ̀wù! Olùkọ́ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Inú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́run tipẹ́, nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ife kan, àwo kan, ìrọ̀rí kan. Orí ìdúró ló ti máa ń jẹun ọ̀sán, ojú rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, á sì máa bá àwọn ojú inú fọ́tò sọ̀rọ̀: "Ìwọ, ta ló bí ọ nínú báyìí? Gbé àgbọ̀n sókè." Ojú àwọn tí kò mọ̀ rí ló fi ń ṣe ẹbí.

Pákó ló pààlà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Ìyá Aránṣọ. Ìyá yìí a máa gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀gá Kedere, ta lẹ tún ń bá jà níbẹ̀ yẹn?"

"Ọkùnrin kan tó di ojú nígbà tí wọ́n ń yà á."

"Ẹ bá a là á. Bí ẹ bá sì parí, ẹ wá fi ẹ̀rọ yín tẹ́ ọrùn mi. Ó ti ń hunjọ."

"Fọ́tò ni mò ń tún ṣe, Ìyá Aránṣọ. N kì í tún ènìyàn ṣe."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ọkùnrin tí ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ju òkú inú fọ́tò lọ!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ ìránṣọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí dún, ó di ọ̀la.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ ṣiṣẹ́ nílùú tó jìnnà, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko nínú ọkọ̀. Ọdún kẹfà rèé. Ilé búrẹ́dì ló ń bá ṣiṣẹ́. "Ìyá mi" ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é, torí ìyá tó bí bàbá gan-an ló fi ojú jọ. Lọ́dún méjì àkọ́kọ́ ó wálé lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó di orí fóònù. Bàbá náà kò sì lọ wò ó rí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, ìdáhùn rẹ̀ kan náà ni: "Ta ni mo fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún?"

Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, fọ́tò kan á wọlé. Kékeré ni, á sì rí bàìbàì.

"Ìyá mi, kí ló dé tí fọ́tò ẹ máa ń rí bí ẹni pé ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tà á?"

"Fóònù mi ni, Dádì. Kò dára."

"Ká sọ̀rọ̀ kí n rí ẹ ńkọ́?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ò gbé e."

Á gba fọ́tò náà bẹ́ẹ̀, á fọ̀ ọ́, á mú un tóbi, á tẹ̀ ẹ́ jáde, á kọ́ ọ sára ògiri tó dojú kọ ibùsùn rẹ̀. Wọ́n ti kún ògiri náà. Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín, obìnrin tó wo ẹ̀gbẹ́, obìnrin tó fi ọwọ́ di ẹnu.

Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, ó pinnu pé òun fẹ́ tẹ ọ̀kan tó ga tó ilẹ̀kùn, kó lè máa rí i bí ẹni pé ó dúró nínú yàrá. Fọ́tò oṣù náà dé. Ó wọ bùláòsì búlúù, ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Àárọ̀ yìí ni mo yà á, Dádì," ló kọ sábẹ́ rẹ̀. Lórí èjìká òsì, ohun kan wà bíi kí ènìyàn fi ọwọ́ tó kan epo nu aṣọ: ìlà kékeré méjì tó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀gá Kedere ní ìdọ̀tí ni. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà, ó mú àwọ̀ búlúù láti ẹ̀gbẹ́, ó fi bo ìlà méjèèjì. Ó ṣe é dáadáa! Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀ rí.

Ojú ni kò gbà. Bó ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́. Ó ku kó jẹ́ kí ẹ̀rọ fọkàn rò ó, kó fi ojú ẹlòmíràn dí i, ó sì ti búra pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ òun láéláé. Ló bá rántí pé ọ̀nà kan wà tí ènìyàn lè fi fọ́tò wá fọ́tò lórí ìtàkùn: ẹ gbé èyí tó kéré sílẹ̀, á wá àwọn tó bá jọ ọ́ káàkiri ayé. Kò retí nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ dán an wò ni.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó jáde.

Ojú ìkànnì ilé búrẹ́dì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ méjìdínlógún tò níwájú ààrò, fọ́tò ńlá, ó mọ́ bí omi inú ife. Nínú ìlà kejì ni ọmọ rẹ̀ wà. Bùláòsì búlúù kan náà, orí tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, ẹ̀rín kan náà. Obìnrin àgbàlagbà kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ìka méjì ló yọ síwájú.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó pàtẹ́wọ́! N kò dá a lẹ́bi, bó bá jẹ́ èmi ni, mo lè jó. Ayọ̀ ẹni tó ti ń wá nǹkan láti ogún ọdún ló kọ́kọ́ gbé e. Ó gbá pákó.

"Ìyá Aránṣọ! Ẹ wá wò ó! Mo ti rí orísun rẹ̀!"

Ìyá Aránṣọ wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn àti abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó tẹ̀ síwájú. Ó wo ojú ọmọ náà, ó ní, "Áà, ọmọ yìí mà dára o." Lẹ́yìn náà ó wo ìsàlẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu.

"Ẹ ní ìgbà wo ló yà á?"

"Àárọ̀ òní."

"Ọ̀gá Kedere, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i."

Ó wò ó. Ó ku oṣù méjì kó pé ọdún mẹ́ta.

Ìyá Aránṣọ kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó rọra jáde, ó sì pẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ tó dún.

Nígbà tí ó ku òun nìkan, ó já gbogbo fọ́tò tó wà lára ògiri, ó tẹ́ wọn sórí ibùsùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bi wọ́n ní ìbéèrè bó ṣe máa ń bi oníbàárà. Eléyìí ńkọ́? Yẹtí kan náà, ẹ̀yìn náà ni ààrò, wọ́n kàn yí i sí àwọ̀ dúdú àti funfun. Eléyìí? Ọdún kejì tó wálé, a rí etí kọ́tíìnì yàrá yìí gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báwo ni n kò ṣe dá kọ́tíìnì mi mọ̀? Àwọn tó ti dé láti ọdún méjì àti ààbọ̀, ọgbọ̀n fọ́tò, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tuntun nínú wọn. Ọmọ náà ń gé fọ́tò àtijọ́ ní wẹ́wẹ́, ó ń sọ wọ́n di kékeré, ó ń fi bọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá náà sì ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára wọn.

Ẹ rò ó wò. Ohùn rẹ̀ ń wọlé, nítorí náà ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ojú wo ló ń gbé kiri níbi tó wà? Kí ló dé tí kò fẹ́ kí bàbá òun rí i? Bí bàbá bá ní òun ti mọ̀, ó lè bínú, ó lè má fi àwọn ègé yẹn pàápàá ránṣẹ́ mọ́, ó lè má pè. Bí kò bá sọ ọ́, ó di pé ó ń bá ìwé ara ògiri ṣe bàbá àti ọmọ títí ayé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi sọ ọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bíi ti tẹ́lẹ̀: ṣé ẹ ti jẹun, mo ti jẹun, ṣé òtútù mú lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ déédéé mọ́. Ó fọ gíláàsì ojú kúrò lójú ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì wá sáyé, àfi bí oníyẹn ṣe kígbe.

Ìyá Aránṣọ ló là á mọ́lẹ̀ láti òdìkejì pákó. "Gbogbo ayé lẹ máa ń bi pé ta ló fi ránṣẹ́. Ọmọ tẹ́ ẹ bí, ẹ ò lè bi í?"

"Bí ìbéèrè mi bá bí oníbàárà nínú, á lọ, òmíràn á wọlé. Tí ọmọ bá lọ, ibo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn?"

"Ó wà lọ́dọ̀ yín báyìí ni?"

Ó pe ọmọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Kò tilẹ̀ kí i dáadáa.

"Ìyá mi, ọwọ́ ta ló wà léjìká ẹ?"

"Ọwọ́ wo, Dádì?"

"Ìka méjì. Mo ti pa wọ́n rẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìka ènìyàn ni."

Ọ̀gá Kedere ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá lójú títì tí kò mọ̀.

"Ọ̀gá wa obìnrin ni. Ó ti kúrò níbí."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Ojú ẹ ńkọ́? Òun náà ti kúrò níbẹ̀?"

Ọmọ náà wá sọ ọ́, kíákíá, bí ẹni tó ti ń kà á sórí fún ọdún méjì àti ààbọ̀. Ó ní òun ṣí ilẹ̀kùn ààrò lọ́jọ́ kan, iná bú jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, títí dé etí, àti ìpéǹpéjú. Wọ́n tọ́jú òun, ó ti jiná. Òun ti padà sẹ́nu iṣẹ́, inú yàrá ìyẹ̀fun lẹ́yìn ni òun wà báyìí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ṣé mo lè pa ọ́ jẹ ni?"

"Dádì, ẹ rántí ìgbà tí mo ṣubú ní àtẹ̀gùn? Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án."

"Mo rántí. Iwájú orí ẹ là."

"Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ya wá ní ilé ìwé. Fọ́tò yẹn dé, ẹ fọ àpá náà kúrò, ẹ wá gbé e kọ́. Mo bi yín pé, 'Dádì, ta nìyí?' Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, 'Ìwọ ni. Mo ti tún ọ ṣe.' Gbogbo ẹni tó bá wọlé lẹ fi hàn. Èmi sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpá lórí. Mo mọ ọwọ́ yín. Bí mo bá fi eléyìí ránṣẹ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́. Ẹni tẹ́ ẹ máa gbé kọ́, n kò ní mọ̀ ọ́n."

Ọmọ náà ní wọ́n ń pe òun lẹ́nu iṣẹ́. Ó gé e.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, fọ́tò kò wá. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí i, ọ̀kan ṣoṣo: "Fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kí fóònù má baà yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. N kò ní fọwọ́ kàn án." Ọmọ náà kà á. Kò dáhùn. Ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ògiri ṣófo, ìṣó nìkan ló kù. Bó bá jí láàárọ̀, ìṣó ló kọ́kọ́ ń rí.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó ń bá ẹnì kan tún káàdì ṣe nígbà tí fóònù dún. Fáìlì. Ó wúwo gan-an. Ó ní kí oníbàárà náà padà wá lọ́la, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wo ìlà tí ń rìn bí ìgbín bí fáìlì náà ṣe ń wọlé.

Ó ṣí i.

Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ òun kò mọ ẹni náà. Ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti rún bíi bébà tí wọ́n ká mọ́wọ́ tí wọ́n wá tún tẹ́. Ìpéǹpéjú ọ̀hún kò ní irun. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu fà sókè díẹ̀, débi pé kò rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n ó jọ ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Ọ̀gá Kedere ti wà lórí máòsì. Ogún ọdún ni ọwọ́ yẹn ti ń ṣe é láìbéèrè: ó ti gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ti bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí eṣinṣin. Ó fa ọwọ́ náà kúrò, ó fi sábẹ́ itan, ó jókòó lé e.

Ọwọ́ òsì ló wá fi ń fa fọ́tò náà tóbi. Kò fọ́! Bó ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ló ń mọ́ sí i. Irú fọ́tò tó ti ń wá látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó wo àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ihò ara, ó wo irun ojú ọ̀tún níkọ̀ọ̀kan. Ó dé inú ẹyinjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní fọ́tò tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wò ó: ohun tó wà níwájú ènìyàn máa ń hàn nínú ẹyinjú rẹ̀, bíi nínú dígí. Fèrèsé kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú apá tó na fóònù sókè. Tábìlì kékeré kan. Àga kan. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ìgbà yẹn ló tó pè é.

"Mo ti rí ọ, Ìyá mi."

"Ẹ ti fọ̀ ọ́?"

"N kò fọwọ́ kàn án. Ṣé àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá yẹn ni?"

"Àga wo?"

"Èyí tó wà níwájú ẹ. Inú ẹyinjú ẹ ni mo ti rí i."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fẹ́ jọ ẹkún. "Dádì! Ẹ ò kúkú ṣeé fi nǹkan pamọ́ fún."

"Ṣé kan ni?"

"Kan ni. Ta ló fẹ́ jókòó sórí ìkejì?"

Ìrìn ọjọ́ méjì ni. Bàbá náà wo ṣọ́ọ̀bù, ó wo ìṣó ara ògiri.

"Èmi ni, bí o bá gbà."

Ọmọ náà ní kò tíì sí ẹni tó mọ òun tẹ́lẹ̀ tó tíì rí òun báyìí, fọ́tò yàtọ̀ sí ojúkojú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ra àga ná, Dádì."

"Kò burú. Rà á."

Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan rèé. Báàgì ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Ọ̀gá Kedere, ẹ̀wù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́: ṣé ẹ ti jẹun, mo ti jẹun. Àga náà ni ọmọ rẹ̀ kò tíì rà.